Séṣuwà Tí Souradjou Tún Ṣe Bíi Ti Paris

Souradjou mọ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo kórìíra rẹ̀. Rédíò, tẹlifísọ̀n, fóònù pọ́tábù tó já sómi, kò sí èyí tí kì í jí ní àtẹ̀líyé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Akron. Ẹnu rẹ̀ ló burú. Tó bá tún nǹkan ṣe tán, kì í dán an wò lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó dìgbà tó bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó ni ín, tí èrò pé, kó tó tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́dún yìí ló wá gbọ́ pé àwọn òyìnbó kì í fi òjé lẹ wáyà pọ̀ mọ́, pé májèlé ni. Ha! A ò sùn mọ́ ládùúgbò. "Sàn plọ́ọ̀ŋ nìkan ni mo ń lò! Kò sí òjé nínú iṣẹ́ tèmi! Bíi ti Paris!"

Okùn ìjórin aláìlójé tó kọ́kọ́ rà láti máa fi lẹ wáyà le bí orí òun fúnra rẹ̀. Irin tó fi ń yọ́ ọ kò gbóná tó. Ó bá padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un ní Kraké, ó gba irú mìíràn, aláìlójé bákan náà, ṣùgbọ́n tí ooru díẹ̀ péré ń yọ́. Ọkùnrin náà ní kó má lò ó síbi tó bá ń gbóná. Souradjou gbọ́ o, torí òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ fún wa, tó ń fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́.

Nafissath tó ń ṣe irun fún wa ni Souradjou fẹ́ fi ṣaya. Nafissath ò kọ̀. Ìyá rẹ̀, Hájíà Kouboura, ló ń fi ojú àlejò wò ó. Ni séṣuwà Nafissath, fìlà ńlá oníná tí a máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí irun lè gbẹ, bá kú. Bẹ́ẹ̀, yìgì Bouchra, ọmọ àbúrò Hájíà, ku ọ̀la.

Hájíà ní: "Souradjou, tún un ṣe. Bó bá gbẹ irun Bouchra, kí àwọn ẹbí rẹ máa bọ̀ wá rí wa."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti di irun tèmi dé ìdajì nígbà tí Souradjou gbé séṣuwà dé, èrò lẹ́yìn rẹ̀.

Nafissath wò ó. "Fòfó, ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ ní ooru díẹ̀ ló ń yọ́ okùn yín yìí? Ṣé séṣuwà kì í gbóná ni?"

"Nafi, irun ni tìrẹ. Fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀ fún mi."

Bouchra jókòó sábẹ́ rẹ̀, làálì tútù lọ́wọ́ méjèèjì. Souradjou tẹ bọ́tìnnì, ó jáde sẹ́yìn rìdó, aṣọ ẹnu ọ̀nà, kó má baà rí irun ìyàwó. Ẹ̀rọ ń kùn. Èrò ìta pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́, ẹ̀rọ dákẹ́.

"Fòfó!" ni Nafissath ké.

Bouchra fi ìgúnpá fa ìborùn bo orí, làálì yí aṣọ. Kí Souradjou tó wọlé, kó tó tú u wò, ibi tó yọ́ ti tutù, ó ti lẹ̀ padà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ń kùn!

"Ẹ rí i? Kò sí ohun tó ṣe é. Orí ìyàwó ni kò bá a mu."

Ó jáde, ẹ̀rọ tún dákẹ́. Ó wọlé, ẹ̀rọ tún jí. Ó ní irun Bouchra ló pọ̀ jù. Ìborùn ìyàwó ti di alálàálì látòkè délẹ̀, omijé sì ti ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè é láti mọ́sáláṣí.

"Souradjou," ni Hájíà wí, "àwọn ìmáàmù ti jókòó."

Inú bí Souradjou. "Ẹ dìde, ìyàwó! Èmi fúnra mi ni máa jókòó síbẹ̀!"

Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó jókòó, ó yí ooru dópin. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Ẹ wo iṣẹ́! Kò sí òjé, kò sí májèlé. Ọmọ ọwọ́ gan-an lè..."

Nǹkan gbígbóná kán tó! sí i láàárín orí.

"Yéè! Mo kú o!"

Ó fò dìde, ó forí sọ séṣuwà, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde tòun ti rìdó lọ́rùn. Àwọn tó wà níta ti ń retí rẹ̀ látàárọ̀. Wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún un.

Oòrùn ẹ̀yìnkùlé ló gbẹ irun Bouchra, àwa obìnrin sì ń fi ọmọrí ìkòkò fẹ́ ẹ. Ó dé ibi yìgì rẹ̀, ó pẹ́ ni, làálì sì wà níbi tí làálì kì í gbé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Souradjou yọ sí wa, wọ́n lẹ báńdéèjì mọ́ àárín orí rẹ̀.

"Hájíà, ẹ bá mi dúpẹ́ o! Ká ní okùn olójé ló yọ́ sí mi lórí, májèlé ni ì bá wọ̀ mí lágbárí. Sàn plọ́ọ̀ŋ ló yọ mí. Ṣé kí àwọn ẹbí mi máa bọ̀?"

Nafissath dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó di kóòmù mú, ojú rẹ̀ pọ́n bí iná.

Hájíà ní: "Ọmọ mi, kí ni ọkùnrin Kraké yẹn wí? Ó ní kí o má dé ibi tó bá ń gbóná. Ṣé o ti wo ojú Nafissath lónìí?"