Gbohùngbohùn Kọ Ohùn Ara Ẹ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ẹni méjì ló gbé e wá, ẹni kẹta sì wà nínú àpò. Ẹni àkọ́kọ́ ni Gbohùngbohùn, ọkùnrin tó ń kéde ọkọ̀ ojú omi ní èbúté. Ẹnu ẹ̀ ni gbogbo ìlú fi ń mọ ọkọ̀ tó fẹ́ ṣí àti èyí tó ti lọ. Ẹnìkejì ni Dókítà Ohùn, tó ń tún rédíò ṣe ní ọ̀kánkán ilé ìfìwéránṣẹ́, tó sì ń gba ohùn èèyàn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Èyí tó wà nínú àpò ni ẹ̀rọ mínídíìsì kan, tó ń gba ohùn sórí díìsì kékeré, kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì tí wọ́n so pọ̀ lọ. Ohùn kan wà nínú ẹ̀. Ohùn yẹn gan-an la fẹ́ dájọ́ lé lórí.

Kábíyèsí jókòó, àwọn ìjòyè jókòó, ìjòyè àgbà sì ti ń tòògbé bó ṣe máa ń ṣe kí ẹjọ́ tó dùn.

"Ta ló pẹjọ́?" Kábíyèsí bèèrè.

"Èmi ni, Kábíyèsí." Gíláàsì ojú fèrèsé gbọ̀n.

"Rọra. A ò sí ní òdìkejì odò. Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?"

"Wọ́n jí ohùn mi, Kábíyèsí. Èyí tí wọ́n sì fi rọ́pò ẹ̀, mi ò mọ baba tó bí i."

Ó wá rò ó. Ó ní Mánéjà èbúté ló pe òun sí ọ́fíìsì, tó ní kóun jókòó síwájú maíìkì, kóun sọ gbogbo ìkéde tóun máa ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí: ti oòrùn, ti òjò, ti kùrukùru, ti ẹ́ńjìnnì tó kọ̀ tí ò ṣiṣẹ́. Òun sọ gbogbo ẹ̀, òun tún fi ìkíni lé e. Òun mu omi, òun lọ sílé. Àfi bó ṣe di ọjọ́ Mọ́ńdè tóun dé èbúté, tóun rí ìwo ńlá kan lórí òpó, ìwo náà ń pe ọkọ̀. Mánéjà bọ òun lọ́wọ́, ó ní òun kú iṣẹ́, kóun lọ sinmi. Òun bèèrè pé títí di ìgbà wo. Mánéjà ní ìsinmi ni, kò nígbà.

"Ká ní ohùn mi ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni," Gbohùngbohùn sọ, "ǹ bá gbà pé ọmọ mi ló jogún mi. Àmọ́ ohùn tó wà lókè òpó yẹn, ohùn ẹni tí wọ́n di nímú ni. Ó jọ ti àbúrò mi, èyí tí ò lè fi ẹnu lé adìyẹ."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Iṣẹ́ mi, Kábíyèsí. Mi ò mọ òmíì ṣe. Bí mo bá jókòó sílé, ta ni màá pe ọkọ̀ fún?"

Kábíyèsí kọjú sí Dókítà Ohùn. Dókítà náà fi íàfóònù tó fi ń gbọ́ ohùn kọ́ ọrùn bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ àyà aláìsàn.

"Ṣé o jí ohùn ẹ̀?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Mo kàn da díẹ̀ nù nínú ẹ̀ ni."

Ìjòyè àgbà lajú.

Dókítà Ohùn ní kí wọ́n fara balẹ̀. Ó ní díìsì inú ẹ̀rọ yẹn dà bíi yàrá kótópó kan, ohùn èèyàn sì máa ń kó ẹrù rẹpẹtẹ dání: èémí, ètè tó ń lẹ̀ mọ́ra, ariwo ògiri, àti àwọn ohùn tín-ín-rín tó sá pamọ́ sábẹ́ ohùn tó nípọn. Ẹ̀rọ náà máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí. Èyí tó bá mọ̀ pé etí ò ní gbọ́ nítorí pé òmíì tó le jù ú lọ gùn ún lórí, kò ní gbé e wọlé. Etí kì í sì í bèèrè ẹ̀.

"Ta ló fi í ṣe agbẹnusọ fún etí mi?" Gbohùngbohùn bèèrè.

"Àwọn tó ṣe é ni. Etí ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n fi dán an wò."

"Wọn ò fi tèmi dán an wò."

Kábíyèsí fẹ́ mọ bí èyí tó dà nù ṣe pọ̀ tó. Dókítà Ohùn wo àjà. Ó ní tí wọ́n bá gbà á bó ṣe yẹ, ìdá kan nínú márùn-ún ló máa ń kù, etí tó lè mọ ìyàtọ̀ kò sì wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n Mánéjà fẹ́ kí ìkéde ọdún kan wọ inú díìsì kan ṣoṣo, pẹ̀lú orin láàárín. Ìdí nìyẹn tóun fi tẹ bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí díìsì gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ́tìnì yẹn, ó máa ń da nù lórí èyí tí wọ́n ti dà nù tẹ́lẹ̀. Òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sẹ́ni tó ń bi télọ̀ léèrè àjákù aṣọ.

"Èmi máa ń bi wọ́n," ni ìjòyè àgbà sọ.

"Àjákù ohùn ọkùnrin yìí ńkọ́?" ni Kábíyèsí bèèrè. "Ibo lo dà á sí?"

"Kì í dúró síbì kan, Kábíyèsí."

"Ohun tí ò dúró kí o wò ó, báwo lo ṣe mọ̀ pé kò wúlò?"

Dókítà Ohùn rí i pé ilẹ̀ ń yọ̀, ló bá yí ẹsẹ̀ padà. Ó ní ohun tóun dà nù kọ́ ló ń dun Gbohùngbohùn. "Ohùn ara ẹni, inú egungun orí la ti ń gbọ́ ọ, Kábíyèsí. Ìta làwọn ẹlòmíì ti ń gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti ń gbé inú ilé, kò wo ara ògiri ìta rí. Ọjọ́ Mọ́ńdè ló bọ́ síta, ló wá ń bèèrè ẹni tó fi irú ọ̀dà yìí kun ilé òun."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ìyàwó Gbohùngbohùn, tó ń ta tíì ní èbúté, ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ó búra pé ohùn orí òpó yẹn kì í ṣe ti ọkọ òun. Ó ní tí ọkọ òun bá pe òun láti balùwẹ̀ pé ọṣẹ tán, aládùúgbò kejì ló máa ń gbé ọṣẹ wá.

"Níbo lo wà nígbà tí ìwo yẹn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?"

"Ìdí tíì mi ni, Kábíyèsí."

"Kí lo ṣe?"

"Mo dá a lóhùn."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní, 'Bàbá wọn, mo ti gbọ́, ẹ jẹ́ kí n bu ṣúgà sí i.'"

Ọkọ ẹ̀ wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ihò nínú àpò ara ẹ̀. Obìnrin náà yára ní ẹ̀rù ló ba òun, pé tí ẹ̀rù bá ba òun, ẹni tó bá wà nítòsí lòun máa ń pè ní Bàbá wọn. Wọ́n ní kó lọ jókòó kó tó ba nǹkan jẹ́ sí i.

Mánéjà ló kàn. Ó so táì, omi sì ti wọ bàtà ẹ̀. Ó ní ohùn Gbohùngbohùn ni, pérépéré, irun kan ò já lára ẹ̀. Ó ní ó tiẹ̀ tún sàn ju ti Gbohùngbohùn lọ, torí kì í húkọ́, kì í lọ mu tíì, kì í dá èrò dúró láti bi wọ́n bí ọmọ wọn ṣe ń ṣe níléèwé.

"Ṣé ohun kan náà ni, àbí ó sàn jù ú lọ?" Kábíyèsí bèèrè.

"Ohun kan náà tó sàn jù ni, Kábíyèsí."

Ìjòyè àgbà ní kó tún un sọ. Mánéjà tú táì díẹ̀.

Kábíyèsí ní òun gbọ́ nǹkan kan nípa kùrukùru ọjọ́ kejì. Mánéjà kọ́kọ́ ní òun ò rántí, ó wá rántí díẹ̀díẹ̀. Ìwo kéde ọkọ̀ òdìkejì odò, ọkọ̀ náà ò tíì dé. Àwọn èrò sáré wọ èyí tí wọ́n rí níwájú wọn. Ìyá àgbà kan tó ń lọ wo ọmọ-ọmọ ẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ló bá ara ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn, tòun ti ìledìí lọ́wọ́.

"Ẹ̀rọ ò jẹ̀bi," Mánéjà sọ. "Ẹ̀rọ pe àkókò. Ọkọ̀ ló pẹ́."

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí ló gba Gbohùngbohùn là, kó dúró ná. Kábíyèsí fẹ́ràn òfin ju àánú lọ. Ó rọ̀gbọ̀kú, ó ní, "Gbohùngbohùn, gbọ́. Tó bá jẹ́ ohùn ẹ ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn, a jẹ́ pé ohùn ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyókù ara ẹ ṣe? Tí kì í bá sì ṣe ohùn ẹ, kí ló kàn ẹ́ nínú ẹ̀?"

Gbohùngbohùn la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nílùú yìí, nǹkan kan ò jáde níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ fi etí gèlè nu ojú. Mánéjà ti ń di okùn bàtà.

Ẹjọ́ ì bá ti parí nìyẹn, ká ní Dókítà Ohùn mọ ìgbà tí èèyàn ń pa ẹnu dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọkàn Kábíyèsí lè balẹ̀ pátápátá, kí wọ́n jẹ́ kóun gba ohùn tiwọn náà sílẹ̀. Ó ní bó ṣe yẹ gan-an lòun máa gbà á, òun ò ní fọwọ́ kan bọ́tìnì ọ̀rọ̀ púpọ̀, díìsì tuntun lòun sì máa fi gbà á, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ sí.

Inú Kábíyèsí dùn. Ó tún fìlà dé, ó na ọrùn, ó sọ sínú maíìkì pé, "Èmi ni mo ni ìlú yìí. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn mi, kó dúró."

Dókítà Ohùn ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀rọ títí tó fi máa kọ ohun tó gbọ́ sínú díìsì. Gbogbo wa dúró. Ó wá fi wáyà so ó mọ́ àpótí tó ń gbé ohùn sókè, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn kan jáde. Kò nípọn. Ó ń gbọ̀n létí, bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n gbàgbé síta nínú òjò.

Kábíyèsí wo ẹnu ọ̀nà. "Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Kábíyèsí," ni Dókítà Ohùn sọ. "Ó mọ́ gaara, àbí?"

Kábíyèsí yíjú sí ìjòyè àgbà, tó ti jókòó ti ohùn yẹn láti ìgbà èwe àwọn méjèèjì. Ìjòyè àgbà ronú. "Tí mo bá ní ẹ̀yin ni, mo gbé. Tí mo bá ní kì í ṣe ẹ̀yin, mo purọ́ láàfin. Oorun ń kùn mí, Kábíyèsí." Ó di ojú.

"Dókítà," Kábíyèsí rọ ohùn wálẹ̀, ó ń gbọ́ ara ẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Tìẹ ńkọ́? Báwo lo ṣe ń dún nínú ẹ̀?"

Dókítà Ohùn bọ́ íàfóònù lọ́rùn. Ó ní òun ò gbà á sílẹ̀ rí.

"Kí ló dé?"

"Ohùn mi bọ́ sínú iṣẹ́ oníṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, Kábíyèsí, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mo pa gbogbo díìsì náà rẹ́."

Kábíyèsí mí kanlẹ̀. Ó dìde. Gbogbo ààfin dìde.

"Ìdájọ́ mi rèé. Ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ti Gbohùngbohùn, gẹ́gẹ́ bí ìkejì yìí ò ṣe jẹ́ tèmi. Ọba kì í ké bí ewúrẹ́. A jẹ́ pé àjèjì kan ló wọ̀lú, ó gun òpó, ó ń pe ọkọ̀ tí ò tíì dé, ó sì ń kó àwọn ìyá wa lọ sídìí yanrìn. A ò mọ ilé ẹ̀, a ò mọ ojú ẹ̀. Àjèjì kì í ṣiṣẹ́ nílùú mi láìní onídùúró. Gbohùngbohùn ni mo fi ṣe onídùúró ẹ̀. Kó máa dúró nídìí òpó, láti ọkọ̀ òwúrọ̀ dé ti ìrọ̀lẹ́, lórí owó oṣù ẹ̀. Ibi tí àjèjì yẹn bá ti ṣì í sọ, kó pa á lẹ́nu mọ́, kó sọ òótọ́ fún àwọn èèyàn. Ẹni tó bá sì ní ìbéèrè, kó dá a lóhùn, títí kan ti ọmọ tó wà níléèwé."

Mánéjà ní kí Kábíyèsí ṣàánú òun, ó ní ó ti di pé ẹni méjì ló ń ṣe iṣẹ́ kan.

"Ìwọ lo sọ pé ohun kan náà ni wọ́n. Ìgbà wo ni ohun kan náà di méjì?"

Mánéjà jókòó. Ó kan Dókítà Ohùn. Kábíyèsí ní kó gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀, kó fi bẹ Gbohùngbohùn nítorí èyí tó dà nù, kó tẹ bọ́tìnì ọ̀rọ̀ púpọ̀, kó gbé e sínú ìsọ̀ ẹ̀, kó sì máa gbọ́ ọ títí tí yóò fi fẹ́ràn ẹ̀.

Dókítà Ohùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì mí mọ́lé."

"Kò sáyè níbẹ̀," ni ìjòyè àgbà sọ, kò la ojú.

Ó wá ku ọpẹ́. Gbohùngbohùn jáde síwájú, inú ẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó fi àyà balẹ̀, ó fi gbogbo ohùn dúpẹ́, ó ní kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Gbogbo ààfin sì gbọ́ ọ kedere: ohùn orí òpó ni, tòun ti imú ẹ̀, ìyàtọ̀ kankan ò sí níbẹ̀.

Ìjòyè àgbà lajú, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Kábíyèsí wò ó. Ìjòyè àgbà sọ ọ́ di ikọ́.