Òpó Tó Ga Ju Ọkọ̀ Lọ

Ọkọ̀ ojú omi onígi tí Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń kàn láti oṣù mẹ́ta kò gùn ju apá èèyàn lọ, síbẹ̀ ó ti gba gbogbo tábìlì ìjẹun. Ìyàwó rẹ̀ sì ti búra: bí èyí náà bá tún dojú dé níbi ìdíje ọkọ̀ kéékèèké orí adágún láago mẹ́rin òní, bíi ti èṣí, Tíṣà àti ọkọ̀ rẹ̀ á jọ kó lọ sí ilé adìyẹ. Láago méjì, àbúrò ìyàwó, tó jẹ́ télọ̀, gbé ìgbòkun, aṣọ tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀, dé.

"Télọ̀, kí lo rán sára aṣọ yìí?"

"Àpò ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni ọkọ̀ fẹ́ kó sápò?"

"Èmi kì í bi oníbàárà bẹ́ẹ̀. Mo tún fi àlékún sílẹ̀ nínú, bó bá sanra, ká lè tú u."

"Igi ni! Igi gbígbẹ!"

"Gbogbo oníbàárà mi ló máa ń ní àwọn ò ní sanra mọ́."

Tíṣà mí kanlẹ̀. Ó so ìgbòkun mọ́ òpó, ó fi okùn di òpó mú níwájú àti lẹ́yìn bí ìwé ọkọ̀ kíkàn ṣe wí. Wọ́n gbé ọkọ̀ sínú báàfù ìfọṣọ tó kún fún omi, wọ́n tan fáànù sí i. Ọkọ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ó dojú dé.

"Àpò ẹ ló fà á!"

"Kí ló wà nínú àpò ọ̀hún?" Télọ̀ fa téèpù yọ lọ́rùn, ó wọn ọkọ̀, ó wọn òpó, ó tún un wọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ gé òpó yìí fún?"

"Ọkọ̀ yìí ni. Ìwé rèé."

"Ìwé méjì ni mo rí."

"Mo mú ìwọ̀n ara ọkọ̀ nínú èyí tó tínrín, mo mú ti òpó nínú èyí tó nípọn. Ọ̀mọ̀wé kì í gbára lé ìwé kan ṣoṣo."

"Háà! Ara ọmọ ọwọ́ lẹ wọ̀n, ṣòkòtò bàbá ẹ̀ lẹ gé fún un. Ẹ jẹ́ ká dín in kù."

"Oṣù kan gbáko ni mo fi fá òpó yẹn tó fi ń dán!"

"Ṣòkòtò tó bá ń wọ́lẹ̀, a kì í bẹ̀ ẹ́, gígé là ń gé e. Aago mélòó ló lù?"

Tíṣà wo aago. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù. Ó rántí òórùn ilé adìyẹ.

"Gé e. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí n rí i." Ó kọjú sí ògiri.

Ayùn dún. Télọ̀ ṣẹ́ etí ìgbòkun sókè, ó fi abẹ́rẹ́ gán an, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan àlékún. Wọ́n tún tan fáànù. Ọkọ̀ nàró, ó gba inú báàfù kọjá, ó lọ forí sọ etí kejì, gbì!

Tíṣà tún kọ́là ṣe, ó wúkọ́. "Ṣé o rí i? Láti àárọ̀ ni mo ti mọ̀ pé òpó yẹn ga jù. Mo kàn ń dán ẹ wò ni."

Télọ̀ tún gbé ayùn.

"Ẹ má bínú o, Ẹ̀gbọ́n, ó ku ibì kan tó ṣì gùn jù. Ẹ yọ ahọ́n yín síta."