Yàrá Olúọ́dẹ Lókè Ọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló lè sọ fún mi ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé kí a tó yan yàrá nínú ọkọ̀, ká béèrè ibi tí atukọ̀ ń sùn? Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ máa ń pa òwe náà fún ọmọ tó bá fẹ́ gbéyàwó, ẹ máa ń pa á fún ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ ó sì máa mi orí bí ẹni tó lóye. Ẹ ò bi ara yín rí pé ta ni atukọ̀ náà, kí ló sì pa àwa ará òkè pọ̀ mọ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó dáa, ẹ fetí sílẹ̀. Ìtàn ìbànújẹ́ ni o. Ẹni tí ẹ̀rín bá fẹ́ pa, kó fọwọ́ bo ẹnu.

Ọdẹ́gbilé lorúkọ ọkùnrin náà. Olúọ́dẹ ìlú Òkè-Apárá ni, olórí gbogbo ọdẹ ibẹ̀. Àárín igbó ni Òkè-Apárá wà, odò tó tóbi jù níbẹ̀, ewúrẹ́ lè fò ó. Ọkùnrin yìí ti pa ẹkùn, ó ti pa ẹfọ̀n, ẹ̀rù ohunkóhun kì í bà á. Àmọ́ ó ní ìlànà kan tó jogún lọ́dọ̀ baba rẹ̀: orí Olúọ́dẹ kì í gbé abẹ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bó bá lọ kí èèyàn nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò ní jókòó nísàlẹ̀. Tààrà ló ń gòkè, á lọ bá àwọn ìyàwó onílé níbi tí wọ́n ti ń dirí, á jókòó tì wọ́n, á ní kí wọ́n bá òun pe baálé wọn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bá a jiyàn. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ máa bá oníbọn jiyàn?

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, Ọdẹ́dìran. Ọmọ náà kọ iṣẹ́ ọdẹ, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ṣòwò ní ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Gáná. Ó dun baba Olúọ́dẹ títí ó fi dé orí ikú. Lọ́jọ́ tí bàbá àgbàlagbà náà máa kú, ó di ọwọ́ Olúọ́dẹ mú, ó ní, "Ọkùnrin tí Ọdẹ́dìran bá kọ́kọ́ bí, Ọdẹ́wálé ni kí o sọ ọ́. Má jẹ́ kí ọdẹ tán nílé wa." Olúọ́dẹ búra fún un.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọmọ lórúkọ nílé wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àgbà ilé baba ọmọ, òun lọmọ máa jẹ́ títí ayé. Èyí tí wọ́n bá sọ tẹ̀ lé e, ẹni tó sọ ọ́ nìkan ló máa ń pè é. Wọn kì í sì í fi orúkọ ránṣẹ́ nínú lẹ́tà, wọ́n ní ẹnu ló ń sọmọ lórúkọ. Nítorí náà, nígbà tí wáyà dé láti Gáná pé ìyàwó Ọdẹ́dìran ti bí ọkùnrin, Olúọ́dẹ ò ní ẹni tó lè rán. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé ẹnu rẹ̀ débẹ̀.

Òun àti ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ni wọ́n jọ lọ. Ọmọ ilé oníṣọ̀nà ni Àwẹ̀ró, àwọn tó ń gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn ààfin. Nínú rélùwéè tó ń gbé wọn lọ sí Èkó, obìnrin náà tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní, "Bàbá Dìran, ilé tiwa náà lórúkọ o. Ọnàdélé dùn létí."

Olúọ́dẹ wò ó bí ẹni tí ewúrẹ́ kí. Ó ní, "Nílé yín ni kẹ́ ẹ ti máa sọ ọ́."

Àwẹ̀ró ò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní kẹ́ ẹ kíyè sí i pé kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n dé etí omi ní Èkó. Akọ̀wé ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sówándé, ọmọlúwàbí tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tẹ́ ìwé kan sílẹ̀ tí wọ́n ya ọkọ̀ náà sí, kí èrò lè yan yàrá tó bá wù ú.

Olúọ́dẹ ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa wọ ọkọ̀ ojú omi láyé mi, mi ò sì ní wọ̀ ọ́ bí ẹrù. Níbo ló ga jù?"

"Bàbá, òkè yìí ló ga jù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbà mí láàyè..."

"Mi ò béèrè àmọ́. Ta ló máa wà lórí mi níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Àfi ẹyẹ."

"Ta ló máa wà níwájú mi?"

"Omi ni, Bàbá."

"Ibẹ̀ ni tèmi."

Akọ̀wé yọ fìlà, ó họ orí, ó tún dé fìlà padà. Ó ní kí Bàbá fún òun ní ìwọ̀nba àsìkò kí òun lọ tún ibẹ̀ ṣe, ló bá mú ìgbálẹ̀, ó gun òkè ọkọ̀ lọ. Àwẹ̀ró ní tòun, orúnkún òun ò lè gun àtẹ̀gùn yẹn, kí wọ́n wá ibì kan fún òun nísàlẹ̀. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré kan láàárín ọkọ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó iṣu sí.

Àánú rẹ̀ ṣe Olúọ́dẹ. Ó ní, "Àwẹ̀ró, èèyàn méjìlélọ́gọ́rin ló máa fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ."

Obìnrin náà ní, "Kò burú. Orí mi ti ru ẹrù tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọkọ̀ gbéra. Lórí ọ̀sà, gbogbo nǹkan dára. Olúọ́dẹ jókòó sójú fèrèsé, ó ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ kí àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń kọjá nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ibi tí a bá fi inú dídùn náà sí, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀, nítorí a ò ní rí i mọ́ nínú ìtàn yìí.

Bí ọkọ̀ ṣe jáde sójú òkun, iwájú rẹ̀ gbéra sókè, ó dúró díẹ̀, ó sì já wálẹ̀ bí ọmọ odó. Ó tún gbéra, ó tún já. Ẹni tó bá wà láàárín ọkọ̀ á kàn rí i pé omi inú ife òun ń mì díẹ̀. Ẹni tó bá wà lókè téńté, níwájú pátápátá, òun ni iyán inú odó. Kí oòrùn tó wọ̀, Olúọ́dẹ ti bi gbogbo oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yẹn sínú korobá, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró tó ní orúnkún òun ò lè gun àtẹ̀gùn gùn ún wá bá a, ara rẹ̀ ń dán. Ó ti jẹ iṣu, ó ti jẹ ẹja. Ó ní atukọ̀ náà, ọmọ Ìlàjẹ kan tó ń jẹ́ Máfimísẹ́bi, èèyàn dáadáa ni, ó fún òun lẹ́ja.

Olúọ́dẹ ní, "Má dárúkọ ẹja."

"Bàbá Dìran, ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó dà bíi pé ilé la wà."

"Kí èèyàn méjìlélọ́gọ́rin máa rìn lórí mi? Mo kúkú kú." Ó sì jọ pé òótọ́ ló ń sọ.

Ó fi àmùrè ọdẹ rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgbì ń gbé òun àti bẹ́ẹ̀dì pọ̀. Ó ránṣẹ́ pe akọ̀wé. Ó ní, "Sọ fún atukọ̀ kó dúró díẹ̀, kí n sinmi."

"Bàbá, ọkọ̀ ò lè dúró lójú òkun. Bó bá dúró, ó máa jó jù báyìí lọ."

"Sọ fún un kó máa gba etí ilẹ̀ lọ."

"A ti fi etí ilẹ̀ sílẹ̀ láti àná, Bàbá."

Nígbà tí akọ̀wé jáde, Olúọ́dẹ kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Ẹkún wà lójú ọkùnrin tó pa ẹkùn. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ó máa ń rẹ ẹkùn. Ó máa ń rẹ ẹfọ̀n. Eléyìí, kì í rẹ̀ ẹ́."

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Olúọ́dẹ ronú pé bí òun ò tiẹ̀ lè dìde, òun lè máa fi orúkọ ọmọ kọ́ra, kó má bàa sọnù lẹ́nu òun. Ó la ẹnu, ó ní "Ọdẹ́...", èébì gbé e. Ó sinmi, ó tún ní "Ọdẹ́wá...", èébì tún gbé e. Gbogbo ọjọ́ yẹn ló fi ṣe é. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, kò nílò ìgbì mọ́. Bó bá ti rántí orúkọ náà lásán, á na ọwọ́ sí korobá. Ẹ ò rí i bí ayé ṣe lè bà jẹ́? Orúkọ tó búra lé lórí níwájú baba rẹ̀ ti di oògùn èébì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bímọ gan-an ni ọkọ̀ gúnlẹ̀. Kò gúnlẹ̀ tán náà, nítorí ìlú yẹn ò ní èbúté. Ojú omi lọ́hùn-ún ni ọkọ̀ ń dúró sí, wọ́n á fi okùn so àpótí ńlá kan, wọ́n á gbé èrò sínú rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré tí wọ́n fi ń tù wọ́n dé etí ilẹ̀. Olúọ́dẹ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé nítorí ipò rẹ̀. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí gbogbo èrò ọkọ̀ tí wọ́n to ara wọn sí etí ọkọ̀ lórí rẹ̀, àtọmọdé àtàgbà, gbogbo ẹsẹ̀ wọn wà lókè orí Olúọ́dẹ. Wọ́n ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kí Bàbá rọra. Ó ti ojú rẹ̀ pa.

Wọ́n gbé e dé ilé Ọdẹ́dìran. Èèyàn ti pé sí àgbàlá, omi, oyin, iyọ̀ àti obì ti wà nílẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ lé Olúọ́dẹ lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà dára, ó jọ baba Olúọ́dẹ ní iwájú orí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gáná ń lọ sókè sódò lójú ọkùnrin yìí, àfi bíi pé wọn ò tíì gúnlẹ̀.

Ọdẹ́dìran dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ bá wa sọ ọ́ lórúkọ."

Olúọ́dẹ ní, "Ọdẹ́..." Ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n fún un lómi. Ó ní, "Ọd..." Wọ́n tètè gba ọmọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí ohun tó ń bọ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀mí ò gbé e débi ọ̀rọ̀, ó kàn na ìka sókè, ó ń mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Oòrùn ń gun orí òrùlé, bẹ́ẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí oòrùn kọjá òrùlé kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ.

Ìyá arúgbó kan láti Òkè-Apárá tó ti pẹ́ ní Gáná dìde. Ó ní, "Ta ló tún dàgbà nílé baba ọmọ yìí?" Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ó ní, "Ìyàwó tó ti bímọ sílé ọkọ, ará ilé ni. Àwẹ̀ró, bọ́ síwájú."

Àwẹ̀ró bọ́ síwájú. Ó ti sùn dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta, ohùn rẹ̀ já gaara. Ó ti ìka bọ oyin, ó fi kan ọmọ lẹ́nu, ó ní, "Ọnàdélé."

Gbogbo àgbàlá dáhùn pé, "Ọnàdélé." Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó parí.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun, Olúọ́dẹ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń ro ohun tó máa sọ fún baba rẹ̀ lọ́run. Ó rí atukọ̀ Máfimísẹ́bi tí Àwẹ̀ró pè wá síbi ìsọmọlórúkọ, tó ń jẹ ẹja ní tirẹ̀. Ó fọwọ́ pè é. Ó fi ohùn wẹ́rẹ́ bi í pé, "Atukọ̀, ìwọ fúnra rẹ, níbo lo ń sùn?"

"Ìsàlẹ̀ ni, Bàbá. Àárín gbùngbùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu. Ògiri kan ló wà láàárín èmi àti Ìyá. Láti ogún ọdún, n ò sùn síbòmíì rí."

"Ta ló wá ń sùn ní yàrá tí mo wà lókè yẹn?"

Atukọ̀ gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, èmi ò mọ̀ pé yàrá ni. Okùn la máa ń kó síbẹ̀."

Olúọ́dẹ di orí mú. "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò sọ fún mi?"

Akọ̀wé Sówándé, tó bá atukọ̀ wá, tó sì jókòó nítòsí, dìde kó tó dáhùn, nítorí ọmọlúwàbí ni. Ó ní, "Ẹ ò béèrè, Bàbá. Ẹ pàṣẹ ni."

 Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ìsàlẹ̀ ni Olúọ́dẹ wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu, gbogbo ẹsẹ̀ inú ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ó sùn fọnfọn. Ó jẹ iṣu, ó tún béèrè ẹja. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù, pé ó kàn rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ó dé Òkè-Apárá. Àwọn ọdẹ yìnbọn pàdé rẹ̀, wọ́n tò yí i ká, gbogbo wọn ló mọ ìbúra tó búra. Wọ́n ní, "Olúọ́dẹ, ẹ kú àbọ̀. Kí lorúkọ ọmọ wa?"

 Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ọdẹ, kí a tó yan yàrá nínú ọkọ̀, ká béèrè ibi tí atukọ̀ ń sùn."