Àlàmú Akéde àti Àga Baálẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé a kì í fi agogo wá ẹni tí kò gbọ́ agogo? Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú yín á ti gbàgbé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní òun mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ní ìlú Òkè-Àgbìgbò, orí òkè ni ilé Baálẹ̀ wà. Àdúgbò kan tún wà ní òdìkejì odò, Ìsàlẹ̀ Àbàtà, níbi tí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ké tọ̀sán-tòru. Àlàmú ni akéde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lu agogo yíká ìlú, ṣùgbọ́n Àlàmú kò fẹ́ràn ẹrẹ̀. Bó bá ti lù ú dé etí odò, á yíjú padà, á lọ jẹun.

Lọ́jọ́ kan, Baálẹ̀ ní kí gbogbo ilé wá ro ọ̀nà oko. Ilé tí kò bá wá, á san ewúrẹ́ kan. Àlàmú kéde. Ará òkè jáde. Ará Ìsàlẹ̀ Àbàtà kò gbọ́ nǹkan kan, àfi ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ìránṣẹ́ ti ń fa ewúrẹ́ wọn lọ. Ti Àwẹ̀ró opó wà níbẹ̀, èyí kan ṣoṣo tó ní láyé, ewúrẹ́ náà sì ti lóyún.

Àwẹ̀ró lọ bá Baálẹ̀, ó ní àwọn ò gbọ́ agogo. Àlàmú ní irọ́ ni, gbogbo ìlú ló gbọ́. Baálẹ̀, tó máa ń fẹ́ kí ẹjọ́ tètè tán, ní kí Àlàmú lọ ṣe ìwádìí.

Nígbà tí mo wà ní poli, odidi sáà kan ni olùkọ́ wa fi kọ́ wa ní bí a ṣe ń ṣe ìwádìí. Á kọ "gbogbo" sí apá kan pátákó, á kọ "díẹ̀ tí a mú nínú gbogbo" sí apá kejì, á wá máa làágùn. Àlàmú parí tirẹ̀ kó tó jẹun àárọ̀. Ó lu agogo dé etí odò, ó ní:

"Ẹnikẹ́ni tí kò bá gbọ́ ohùn mi, kó wá sọ bẹ́ẹ̀ fún Baálẹ̀ lọ́la."

Ilẹ̀ mọ́. Ẹnì kankan ò wá.

Àlàmú dọ̀bálẹ̀, ó jábọ̀ pé kò sẹ́ni tí kò gbọ́. Inú Baálẹ̀ dùn sí ìmọ̀ yìí. Ó fún un ní itan àgbò kan, ó sì dájọ́ níṣojú gbogbo ìjòyè pé ewúrẹ́ ti di tòun.

Àwẹ̀ró ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó padà sílé, ó fi ọmọrogùn lu ìkòkò nídìí ààrò, ó ní bí Àlàmú kò bá fẹ́ kí òun jẹ itan àgbò rẹ̀, kó wá sọ. Àlàmú ò wá. Ni Àwẹ̀ró bá lọ gbé ìsaasùn kúrò lórí iná Àlàmú, tẹran-tẹran. Àlàmú sáré tọ Baálẹ̀ lọ. Àwẹ̀ró ní òun ṣe ìwádìí, kò sí alátakò kankan. Baálẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn ìjòyè tó dájọ́ ewúrẹ́ níṣojú wọn ń wò ó, ó ní kí Àwẹ̀ró máa lọ.

Ọ̀rọ̀ náà wá dùn mọ́ ará Ìsàlẹ̀ Àbàtà. Wọ́n lu ìkòkò nítorí iṣu Baálẹ̀, wọ́n sì lọ ru ú. Wọ́n tún lu ìkòkò nítorí ẹṣin rẹ̀, wọ́n gùn ún wálé. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìwádìí pípé.

Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró wọlé wá, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Baálẹ̀, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Àga yín la wá gbé. A ti kéde rẹ̀."

"Èmi ò gbọ́ o."

"Ẹ ò sì wá sọ pé ẹ ò gbọ́, bàbá."

Baálẹ̀ wo Àlàmú. Àlàmú wo ilẹ̀. Baálẹ̀ dìde.

Lórí ìdúró yẹn ló ti pàṣẹ ìwádìí tuntun. Kí wọ́n fi òkúta kan dúró fún ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sàmì sí i. Ti òkè nínú igbá kan, ti Ìsàlẹ̀ Àbàtà nínú igbá kejì, kí ọ̀kan má baà bo èkejì mọ́lẹ̀. Kí ẹni tí a fi aṣọ dì lójú mú díẹ̀ nínú igbá kọ̀ọ̀kan. Ilé tí òkúta rẹ̀ bá jáde, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ agogo.

Ará òkè ní àwọn gbọ́. Ní Ìsàlẹ̀ Àbàtà, ẹyọ ẹnì kan ló ní òun gbọ́ ketekete. Adití ni.

Bí ewúrẹ́ ṣe padà sí òdìkejì odò nìyẹn, tí Ìsàlẹ̀ Àbàtà jó títí ọ̀pọ̀lọ́ fi panu mọ́. Àwẹ̀ró jókòó sórí àga Baálẹ̀, ó nasẹ̀, ewúrẹ́ rẹ̀ sì bí ìbejì síwájú rẹ̀. Nígbà tí Baálẹ̀ fẹ́ rán Àlàmú lọ bẹ̀ ẹ́ kó dá àga náà padà, Àlàmú na ọwọ́ sí agogo. Baálẹ̀ ní kó fi í sílẹ̀, kó ká ṣòkòtò, kó wọ ẹrẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn obìnrin náà, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. A kì í fi agogo wá ẹni tí kò gbọ́ agogo.