Bóòtù Mẹ́rin fún Erin Kan

Gbì.

Ìró tí Ọ̀gá Wúwo kọ́kọ́ mọ̀ láyé nìyẹn, kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ a ti ibi iṣẹ́ dé, a sì ju àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: gbì. Àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù a mì. Ìyá a dákẹ́ ẹjọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n a ká ẹsẹ̀ wọn kúrò lójú ọ̀nà. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó jókòó sórí ẹní wo gbogbo èyí, ó sì pinnu pé nǹkan tó bá wúwo nìkan ni ayé ń dìde fún.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé iṣẹ́ ló wà nínú àpò náà.

Àánú ibẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́dàá ń pín ẹran ara, ó jọ pé ọmọkùnrin yìí lọ tọ̀. Ó dàgbà, ó gùn, àmọ́ kò fẹ̀. Tó bá fẹ̀gbẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lè kí ilẹ̀kùn kí ẹ má kí i. Iṣẹ́ tó wá bọ́ sí i lọ́wọ́ náà kò ràn án lọ́wọ́: ìrọ̀rí àti ibùsùn fóòmù ló ń tà, ẹrù tí ènìyàn lè gbé mẹ́fà rẹ̀ lérí kó ṣì máa súfèé lọ.

Ó wá ń fi ọgbọ́n wúwo. Ẹ̀wù mẹ́ta ló ń wọ̀ léra wọn. Kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlélógún ló so mọ́ ìbàdí, bẹ́ẹ̀ sì rèé ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Tó bá fẹ́ jókòó, á di apá àga mú, á rọra máa sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé àga náà lè má gbà á, á wá bá àga mí kanlẹ̀. Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ, Ọ̀gá Wúwo. Àwọn ará àdúgbò bá a pè é, wọ́n sì fi tiwọn kún un: Wúwo-bí-ìyẹ́, Òkè-tó-ń-fì, Arìn-kí-ilẹ̀-má-gbọ̀ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wù ú láyé: àga alága ẹgbẹ́ àdúgbò. Àga náà wà níwájú gbọ̀ngán ìpàdé, ó ní apá, ó ní tìmùtìmù, ó ga ju gbogbo bẹ́ǹṣì lọ. Alága àtijọ́ ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé, àga sì ṣófo. Ọdún mọ́kànlá ni Ọ̀gá Wúwo ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, níbi tí akọ̀wé ẹgbẹ́, Tíṣà Àgbà tó ti fẹ̀yìntì, kì í ti í rí ọwọ́ rẹ̀ tó bá nà án sókè. Nígbà tí Tíṣà Àgbà wá bi wọ́n nípàdé pé kí ni kálukú lè ṣe láti mú kí gbọ̀ngán dára, Ọ̀gá Wúwo dìde, ó mi kọ́kọ́rọ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Èmi á gbé erin kọ́ ògiri iwájú yìí," ó ní. "Erin tí wọ́n gbẹ́ sára odindi igi. Igi líle, igi ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọkùnrin mẹ́rin ni yóò gbé e wọlé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kó gbé e wá lọ́jọ́ Sátidé, pé tó bá ti wà lára ògiri, ta ni wọ́n tún fẹ́ wá lọ fi ṣe alága.

Agbẹ́gilére tó lọ bá sọ fún un pé oṣù mẹ́ta ni irú erin bẹ́ẹ̀ yóò gbà, ó sì dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Wúwo gbọ́, ó tún fúyẹ́ sí i. Ó yà sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń kun pátákó ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n ń kó ti tẹlifíṣọ̀n nínú páálí kó má baà fọ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ erin sí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí tẹlifíṣọ̀n náà gan-an kó lè dúró, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ igi kùn ún, wọ́n fi fánísì dán an. Tí ẹ bá wò ó lókèèrè, ẹ ó búra pé igi ni. Tí ẹ bá gbé e, ẹ ó rò pé ẹ ti gbàgbé láti gbé e.

Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó bó ṣe fi ìka méjì gbé e wọlé.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé erin náà nìyí?"

"Òun ni."

"Ó ti jẹun lónìí?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ló máa gbé e wò? Ohun tí mo bá fi kọ́ ọ ni wọ́n máa wò. Tí mo bá fi ìṣó kọ́ ọ, wọ́n á ní nǹkan kékeré ni. Àmọ́ tí wọ́n bá rí bóòtù onírin, oní nọ́ọ̀tì ńlá..." Ojú rẹ̀ ti ń dán. Ó ti gbàgbé pé ìyàwó wà níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá Oníṣòó. Ọmọ ẹgbẹ́ àdúgbò ni obìnrin yìí náà, ó ń ta ìṣó, sikúrù, ìkọ́ àti oríṣiríṣi irin, ó sì lè fi ojú lásán sọ irú sikúrù tó bọ́ lára ilẹ̀kùn yín.

"Ìyá, mo fẹ́ nǹkan tó lè gbé erin dúró."

"Mo ti gbọ́ nípa erin yín, Ọ̀gá. Ògiri gbọ̀ngán yẹn, búlọ́ọ̀kù ni àbí pákó?"

"Búlọ́ọ̀kù."

"Báwo ni erin ṣe wúwo tó?"

Ọ̀gá Wúwo fọwọ́ ti ẹ̀yìn. "Ẹ má bi mí. Etí rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé sókè lánàá, egungun mi ṣì ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ ò gbé e lé òṣùwọ̀n?"

"Òṣùwọ̀n wo, Ìyá?"

Ìyá Oníṣòó mú sikúrù gígùn kan àti rọ́bà kékeré kan jáde. "Ẹ ó lu ihò, ẹ ó ti rọ́bà yìí bọ inú rẹ̀, ẹ ó wá yí sikúrù wọ inú rọ́bà. Rọ́bà á wú, á di ògiri mú. Mẹ́rin irú èyí á gbé dígí tó ga tó yín."

"Ìyá. Ẹ ń sọ̀rọ̀ dígí."

Ó mú òmíràn. "Èyí, irin ni gbogbo ara rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ ni ìdí rẹ̀ á máa ya nínú búlọ́ọ̀kù, á há síbẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù tó kún fún àwo kọ́."

"Ṣé èyí tó tóbi jù lọ́wọ́ yín nìyí?"

"Ó tó, Ọ̀gá."

"Mi ò béèrè èyí tó tó."

Ìyá Oníṣòó kó ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ́ páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì. Bóòtù tó wà nínú rẹ̀ ki tó àtàǹpàkò méjì. "Géètì ni wọ́n ń fi kọ́," ó ní. "Géètì onírin tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà wọlé."

Ọ̀gá Wúwo gbé ọ̀kan. Ó fọwọ́ pa á lórí bí ọmọ tuntun.

"Mẹ́rin," ó ní. "Mẹ́rin fún erin. Ẹ fi ṣéènì sí i, èyí tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́. Ẹrù ló yẹ kó yan irin. Tí ẹrù ò bá tó irin, ògiri lásán lẹ ń jẹ níyà."

"Ìyá, ẹ má wulẹ̀ fi ọ̀rá dì í. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí i."

Ó fi ṣéènì kọ́rùn, ó kó bóòtù sápò, ó sì gba àárín àdúgbò. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tí ilẹ̀ máa mọ̀ pé ó ń kọjá. Nígbà tó dé ilé kẹta, òógùn ti bò ó. Nílé karùn-ún, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà aránṣọ, kò sì rọra jókòó.

"Ṣé kò sí o?" ni aránṣọ bi í.

"Ohun tí a fẹ́ fi kọ́ ọ lásán nìyí," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ dúró kí ẹ rí erin."

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngán kún. Bíríkìlà ti lu ihò mẹ́rin sí ògiri iwájú láti àárọ̀, ó ti de bóòtù mọ́ ọn, ó ti fi ṣéènì kọ́ wọn. Ẹ ó rò pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fẹ́ so mọ́bẹ̀. Àwọn ènìyàn ń lọ wò ó ní méjì-méjì, wọ́n ń mi orí. Ìyá Oníṣòó jókòó síwájú, ó ní òun wá wo ẹrù bóòtù òun.

Lẹ́yìn gbọ̀ngán, Ọ̀gá Wúwo ń bá alábàárù mẹ́rin sọ̀rọ̀.

"Ẹ máa kérora."

"Ọ̀gá, nítorí kí ni?"

"Ẹ sáà máa kérora. Kí ẹsẹ̀ yín máa gbọ̀n."

"Ẹ̀yìn ńkọ́? Ṣé kó máa ro wá?"

"Kó ro yín gan-an."

Wọ́n fẹnu kò pé èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ni kó máa dá ìkérora sílẹ̀ kí àwọn yòókù máa gbè é.

Bí erin ṣe wọlé nìyẹn, alábàárù kan ní igun kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ké bí ẹni ń fa mọ́tò jáde nínú ẹrẹ̀. Gbogbo ìjókòó dìde. Ọ̀gá Wúwo ń ṣíwájú, ó ń juwọ́. "Ẹ yà fún un. Màámá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ẹsẹ̀ yín. Ẹsẹ̀ tó bá já bọ́ lé, ó ti lọ nìyẹn."

Àárín gbọ̀ngán ni wọ́n dé tí fóònù alábàárù kan dún. Ó fi igun tirẹ̀ sílẹ̀, ó gbé e. "Ẹ ǹlẹ́ o. Rárá, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹrù ńlá ni." Erin kò tẹ̀. Ìgbànú èkejì tú, ó fi ọwọ́ méjèèjì lọ dì í. Erin kò tẹ̀. Ẹ̀kẹta rí màmá arúgbó kan tí kò ríbi jókòó. Ọmọlúàbí ni, ó lọ gbé àga wá fún un. Ó wá ku Ẹ̀gbọ́n nìkan, ó fi ọwọ́ kan gbé erin, ó fi ìkejì nu òógùn tí kò sí, ó sì ń kérora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé àwọn yòókù ti lọ. Ó ti dijú kó lè kérora dáadáa.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Erin wọlé, ẹ̀rín tẹ̀lé e.

"Alágbára ni gbogbo wọn," Ọ̀gá Wúwo sọ kíá. "Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣà wọ́n."

Bíríkìlà bọ́ sẹ́yìn erin láti de òrùka tí wọ́n máa fi kọ́ ṣéènì mọ́ ọn. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Ó yọjú lókè erin, ó wo Ọ̀gá Wúwo. Ọ̀gá Wúwo ṣẹ́jú sí i. Bíríkìlà gbé sípánà jùnù, ó fi àtàǹpàkò ti ìdí òrùka, òrùka wọlé tán.

"Ọ̀gá, igi yín mà gbọ́ràn o."

Nǹkan funfun róbótó-róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Tíṣà Àgbà bẹ̀rẹ̀, ó he ọ̀kan.

"Kí lèyí?"

"Iyọ̀ igi ni, Tíṣà. Igi tó bá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún máa ń yọ iyọ̀."

Tíṣà Àgbà yí i lọ́wọ́ sọ́tùn-ún sósì. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì," ó ní. "Iyọ̀ yìí ò tíì dénú ìwé."

Àmọ́ wọ́n ti fi erin kọ́ ṣéènì, Ọ̀gá Wúwo kò sì tún dúró gbọ́ ẹjọ́ kankan. "Ó ti wà lára ògiri," ó ní, ó ti ń lọ síbi àga. "Àdéhùn ni àdéhùn." Ó di apá àga mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ọdún mọ́kànlá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò tíì kan tìmùtìmù tí màmá arúgbó náà fi ní ooru pọ̀, kí ẹnì kan jọ̀ọ́ bá òun tan fáànù.

Fáànù yí.

Etí erin ló kọ́kọ́ mì. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá kúrò lára ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, ṣéènì dún wọ̀rọ̀-wọ̀rọ̀, erin igi ọgọ́rùn-ún ọdún sì fò sókè, ó yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ìpàdé. Lára ẹ̀yìn náà ni wọ́n ti rí àwòrán tẹlifíṣọ̀n kan, àwòrán ife kan tó fi hàn pé ẹrù náà lè fọ́, àti ọfà méjì tó yẹ kó tọ́ka sókè. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Gbogbo gbọ̀ngán fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wò ó.

"Ọ̀gá," Ìyá Oníṣòó ní, "ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n dorí kodò."

Ẹ̀rín bú. Fáànù yíjú lọ, ó tún yíjú bọ̀. Òrùka já kúrò lára fóòmù, erin sì ń fì lọ lórí àwọn ènìyàn. Màmá arúgbó nawọ́ mú un láì dìde, ó wò ó, ó sún un sí ẹni tó kàn. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, etí já síhìn-ín, ìrù kán sọ́hùn-ún, iyọ̀ igi ń dà bí òjò. Ẹ̀gbọ́n tó ti jókòó síbì kan gbọ́ ariwo, ó rò pé iṣẹ́ tún ti dé, ó dijú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora.

Ọ̀gá Wúwo ṣì wà láàárín ìdúró àti ìjókòó. Ìyá Oníṣòó dìde, ó bá a di apá mú, ó fà á nàró. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó ní. "Ẹ fẹ́ kọ́ erin. Erin ti kọ́ yín."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Tíṣà Àgbà bèèrè pé ta ni kí wọ́n wá fi ṣe alága. Bíríkìlà ní kí Ìyá Oníṣòó jókòó.

"Èmi? Mi ò mú nǹkan kan wá fún gbọ̀ngán."

"Ẹ mú bóòtù wá," bíríkìlà ní. "Bóòtù yẹn ò mì."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó jókòó, ó sì parí ìpàdé náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ènìyàn jáde, wọ́n ń kérora kọjá níwájú Ọ̀gá Wúwo lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n di ẹ̀yìn mú. Tíṣà Àgbà ló jáde kẹ́yìn. Ó na ìgbálẹ̀ sí i.

"Ẹ bá wa kó iyọ̀ yín."

Ọ̀gá Wúwo pa fáànù. Ó gbá a láti iwájú wá, àmọ́ bí ìgbálẹ̀ bá ṣe dé ni nǹkan funfun wọ̀nyẹn ń sá lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, àwọn kan sì ń fò mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún sá. Ó lọ bu omi sínú ife, ó wọ́n ọn sílẹ̀ láti ògiri dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá gbé bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan kúrò, ó gbá abẹ́ rẹ̀, ó dá a padà. Ó gbá gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, ó kó o sí páálí, ó dà á nù. Ó padà wọlé, ó he ẹyọ kan tó kù lẹ́sẹ̀ tábìlì, ó fi ìgbálẹ̀ ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.