Agbẹnusọ-A-Ò-Rán-An Dé Ọsibítù

Gbóyèga Akínrẹ̀mí ni àkọ́bí bàbá rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ajax, ìlú kan lẹ́bàá Toronto, ló ń gbé. Ó ní fìlà ìsọmọlórúkọ, ó ní fìlà ìsìnkú. Nígbà tí àìsàn wọlé, ó ra òmíràn. Àwọn ará ilé ń pè é ní Agbẹnusọ-A-Ò-Rán-An. Oríkì ló kà á sí.

Àbúrò rẹ̀, Fọláyọ̀, wà ní ICU kan ní Toronto, yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Àwọn dókítà fẹ́ dá ihò sí ọ̀fun rẹ̀, kí ó lè máa gba ibẹ̀ mí, kí wọ́n sì yọ rọ́bà èémí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n pe ìyàwó rẹ̀, Tèmidire, sí ìpàdé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni obìnrin yìí ti fi sùn lórí àga níbẹ̀. Àná ni Gbóyèga gbọ́, òun ló sì kọ́kọ́ jókòó.

Ó pe ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú àti gbogbo mọ̀lẹ́bí sórí fídíò WhatsApp, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ òun.

"Ìyàwó wa, jókòó jẹ́ẹ́. Àgbà kì í wà ní ICU kí orí aláìsàn wọ́."

Ó kọjú sí dókítà.

"Dókítà, ẹ ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kan ọ̀fun ọmọ bàbá mi. Ṣé àgbò iléyá ni?"

Dókítà rọra bi í pé, "Ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ là ń wá. Ǹjẹ́ ó sọ ọ́ rí?"

"Èmi ló sọ ọ́ fún! Sunday tó kọjá, ní pálọ̀ mi, a ń jẹ ìrẹsì. Ó ní, 'Brother mi, ohun tí ẹ bá ti sọ, abẹ gé e.'"

Dókítà wo fáìlì. "Sunday tó kọjá, rọ́bà yìí ti wà lẹ́nu rẹ̀."

Fóònù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Gbóyèga! Ìrẹsì wo?" Ìyá ni.

Mọ̀lẹ́bí kan tó wà ní Malton bú sẹ́rìn-ín lórí fídíò. "Ẹnu rọ́bà ló fi jẹ ẹ́ ni?"

"Màámi, ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé..."

"Panu ẹ mọ́. Yí fóònù sí ìyàwó mi. Tèmi, kí ni ọkọ ẹ wí?"

"Mà, ó ní bí ìrètí bá wà pé òun á tún dá àwọn ọmọ mọ̀, kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Bí kò bá sí, kí n má fi ẹ̀rọ dá òun dúró. Dókítà ní ìrètí wà."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é, ọmọ mi."

Tèmidire gba bírò láti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Olórí ẹbí dúró tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì na fóònù sókè.

"Gbóyèga," Ìyá ní, "má gbọ̀n mọ́. N ò rí ìyàwó mi dáadáa."