Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Kọ Ìbòmú

Bó bá ṣe pé ọgbọ́n máa ń mú èèyàn sanra ni, ẹnu ọ̀nà láàbù ì bá má gba Ọ̀jọ̀gbọ́n wa mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Atú-àṣírí-bakitéríà, Ọ̀kan-ṣoṣo-àjànàkú-tí-ń-mi-láàbù-kìjikìji. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ tiwọn: Òjò Wínníwínní. Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ á máa nu itọ́ kúrò lójú.

Bakitéríà kan wà tí ara rẹ̀ le bí igbá ẹ̀yìn ahun. Kéèyàn tó yọ DNA inú rẹ̀, ìyẹn okùn tíntìntín tó gbé àbùdá ohun abẹ̀mí dání, àfi oògùn olówó gọbọi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun ti rí ọ̀nà ìrọ̀rùn: omi gbígbóná, ọṣẹ, iyọ̀ àti sípíríìtì tútù. Àjọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ṣèlérí pé tó bá yege lójú àwọn, orúkọ rẹ̀ á wọ ìwé gbogbo láàbù.

Láti ìgbà náà ni oorun ti di ọ̀tá rẹ̀. Á kọ orúkọ ara rẹ̀ sójú pátákó, á sún sẹ́yìn, á wò ó, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé, láàbù kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó síwájú, torí Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó wá fojú ara rẹ̀ rí ògo.

Igbákejì Ọ̀jọ̀gbọ́n ní láàbù na ìbòmú sí i. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí bo ẹnu."

"Ìbòmú kẹ̀? Kí wọ́n wá ya fọ́tò mi, kí ẹnu tó tú àṣírí yìí má hàn? Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ í sọ ló ń bo ẹnu!"

Alága àjọ, ìyá àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta kalẹ̀. Kò sọ ohun tó wà nínú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣí gbogbo wọn sílẹ̀ gbayawu, ó gbé orí lé wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Bó ṣe ń da ọṣẹ ló ń ki ara rẹ̀. Bó ṣe ń bu iyọ̀ ló ń bú àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Òjò ń rọ̀, kò sì sẹ́ni tó ní agbòòrùn.

Wọ́n gbé àwọn ìgò náà sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wò DNA tí alága gbé wá. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ké: DNA wà nínú gbogbo wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fò sókè. "Ṣé mo wí àbí n ò wí?"

"Èyí tó wà nínú ìgò kẹta ńkọ́?" ni alága béèrè.

"Bakitéríà alágídí ni, Mà! Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Mo tú u bí ẹní tú ẹ̀wù!"

"Omi lásán ni."

Àyà Ọ̀jọ̀gbọ́n já, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò tíì gbọ́.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà! Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó yọ DNA inú omi!"

Alága ka ohun tí ẹ̀rọ kọ, ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ti èèyàn ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ti ọkùnrin. Bakitéríà tó wà nínú ìgò méjì yòókù ò tiẹ̀ mira. Ọkùnrin yìí kan náà la bá níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó béèrè ọkùnrin wo. Àwọn tó jókòó síwájú kàn bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Ẹ̀rín sọ láti ẹ̀yìn, ó ran gbogbo láàbù. Ojú ti Ọ̀jọ̀gbọ́n débi pé ó ń wá ilẹ̀ tó máa lanu.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ó na áńkáṣíìfù sí i.

"Gbà, nu ẹnu ẹ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣebí láti kékeré ni mo ti ń sọ fún ẹ?"

Àjọ náà ò sì yẹ àdéhùn. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n wọ ìwé gbogbo láàbù lóòótọ́. Ó wà ní abala tó ṣàlàyé ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ lo ìbòmú.